Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹrú délé wa: ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ sọ ìrírí yín

Afinimọ̀nà Òde

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ mímú àlejò káàkiri Ìjẹ̀bú Òde àti agbègbè rẹ̀ ni mò ń ṣe, mo sì máa ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ sórí fóònù kí wọ́n tó fi wá sílẹ̀ lọ. Bí mo bá ń sọ ìtàn Ẹrẹdò Súngbọ́, yàrà tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, inú gbogbo èèyàn á máa dùn. Bí mo bá dé orí Ojúde Ọba, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹnu ba ọ̀rọ̀ ẹrú, ẹnì kan á ní oòrùn ti ń mú, ká máa lọ.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wá láti Amẹ́ríkà. Ó ti ṣe àyẹ̀wò DNA, wọ́n ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ṣàn wá. Ó mú ìgò kékeré kan dání, irú èyí tí wọ́n ń rọ ata gbígbẹ sí, ó fẹ́ bu erùpẹ̀ lọ sílé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka ha ilẹ̀, kò wojú mi tó fi ní: "Ta ló tà wá?"

Ọmọ tó ń ràn mí lọ́wọ́ yára dáhùn pé òyìnbó ló wá jí wọn kó. Mo lè fi í síbẹ̀, ká máa bá tiwa lọ. Àmọ́ irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Kí ogun Ìmàgbọ̀n, tí òyìnbó fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, tó jà ní 1892, òyìnbó kì í ráyè gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá bó ṣe wù ú. Ìjẹ̀bú ló ni ọ̀nà, Ìjẹ̀bú ló ń gbowó ibodè. Ta wá ni ẹni tó ń kó èèyàn láti òkè wá sí etí ọ̀sà? Mo sọ fún un pé àwọn tiwa ni. Mo sọ ti Àpòmù, ọjà tí wọ́n ti ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé tà, tí ọ̀rọ̀ náà di ogun láàárín Òwu àti Ifẹ̀, tí Ìjẹ̀bú gbé ìbọn lọ ran Ifẹ̀ lọ́wọ́, tí Òwu fi di ahoro.

Ó dé ìgò rẹ̀. Ó ní òun dúpẹ́, òun ò fò wá láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n lè wá fi àlọ́ tu òun nínú.

Bàbá kan bá wa jáde lọ́jọ́ náà, ilé wọn la ti kọ́kọ́ yà. Kò sọ nǹkan kan. Ó bọ́ fìlà, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un dé, ó lọ jókòó sínú mọ́tò. Alẹ́ ọjọ́ náà ló pè mí: "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá gba ilé lọ́wọ́ wa ni?"

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin tísà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ìwé ìtàn ìlú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn béèrè nǹkan lọ́wọ́ bàbá yín, kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ìdílé kankan o.

Tísà Rẹ́mọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Tèmi ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì, ní Ṣàgámù níbí.

Mò ń kọ́ àwọn ọmọ nípa Ọ̀ṣífẹ́kùndé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, àwọn Ijaw ajalèlókun ló mú un lórí omi ní 1820, wọ́n tà á, ó dé Brazil. Ó lò tó nǹkan bí ogún ọdún níbẹ̀, Joaquim ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó dé Paris, ọ̀mọ̀wé Faransé kan tó ń jẹ́ d'Avezac jókòó tì í, ó ń bi í nípa ọba wa, ọjà wa, oúnjẹ wa, èdè wa, ó kọ gbogbo rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1845. Wọ́n tilẹ̀ fi pílásítà mọ ojú rẹ̀. Ẹ wò ó, ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ nípa Ìjẹ̀bú, ẹnu ẹni tí wọ́n tà ló ti jáde! Inú mi dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo rò pé mo ti mú ẹja ńlá wá fún wọn.

Mo wá sọ fún wọn pé wọ́n fẹ́ bá a ṣètò kó gba Sàró (Sierra Leone) padà sílé, ó ní rárá, Brazil lòun ń lọ, torí ọmọ òun wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní, "Mà, ó padà sóko ẹrú fúnra ẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo kíláàsì dákẹ́.

Bí ọmọkùnrin kan ṣe nawọ́ nìyẹn. "Mà, àwọn tí wọ́n rà síbí ńkọ́, tí wọn ò tà lọ sí Brazil? Àwọn ọmọ wọn dà?" Kí n tó gbẹ́nu sọ́rọ̀, ẹlòmíì ti na ìka sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn: "Bàbá àgbà mi ní ìdílé àwọn eléyìí ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ẹ̀rín ọmọdé. Ọmọ tí wọ́n nawọ́ sí kò sunkún, ó kàn ń fi bírò ha tábìlì, ó ń ha á, ó ń ha á. Mo nu pátákó. Mo ní kí wọ́n mú ìwé ìṣirò jáde, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èmi ni mò ń kọ́ wọn ní ìṣirò.

Ìyá ọmọ náà wá lọ́jọ́ kejì. Kò jà. Ó kí mi dáadáa, ó wá ní, "Àǹtí, ṣé ó wà nínú ìwé tí ìjọba ní kẹ́ ẹ kọ́ wọn?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo ṣì ń kọ́ Ọ̀ṣífẹ́kùndé lọ́dọọdún. Mo kàn máa ń dúró sí Paris ni.

Ìyá Oníkókò

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ohun tí àwọn àgbà bá bò, wọ́n mọ ìdí ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń pè lẹ́rú nínú agbo ilé kan, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá a gbé e nígbà tí wọ́n bá ń pín owó ilẹ̀?

Afinimọ̀nà Òde

Ẹ ṣeun mà. Òótọ́ lẹ sọ, ibi tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ohun tí mò ń rí ni pé wọn kì í bò ó nílé. Nígbà ìjà, wọ́n á yọ ọ́. Níta nìkan ni wọ́n ti ń bò ó.

Ọmọ Òkè Ọ̀sà

Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń gbé báyìí. Ẹ ó rántí ọjọ́ keje oṣù kẹfà, 2020, tí wọ́n fa ère Colston ṣubú tí wọ́n tì í sómi. Ọkùnrin yẹn jẹ nínú òwò ẹrú, ó wá fi owó rẹ̀ ṣe ìtọrẹ àánú káàkiri ìlú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ère náà sí mùsíọ́mù. Wọn ò gbé e dìde. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ọ̀dà tí àwọn èèyàn kùn ún ṣì wà lára rẹ̀. Mo lọ wò ó. Ìyá òyìnbó àgbàlagbà kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó béèrè ibi tí mo ti wá, mo ní Nàìjíríà. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ lọ́dọ̀ yín?"

Mo jẹ́wọ́ fún un pé a kì í sọ nǹkan kan. Mo pe bàbá mi nírọ̀lẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Àwọn yẹn ní ère ni wọ́n fi rí nǹkan wó. Àwa ò gbẹ́ ère fún ẹnikẹ́ni. Kí lo fẹ́ kí á wó?"

Ọgbọ́n bàbá mi pọ̀ jù fún mi nígbà míì.

Àlàájà Ìta-Ọjà

Ẹ jẹ́ kí n dá tèmi sí i. Gbogbo wa ń wọ aṣọ ẹgbẹ́, à ń lọ júbà Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹṣin ń jó. Ẹ bi ara yín: àwọn wo ló kọ́kọ́ kírun ní Ìjẹ̀bú Òde? Ìyá ìyá mi sọ fún mi, ìtàn tí wọ́n kọ sílẹ̀ náà sì gbè é lẹ́yìn, pé ẹrú wà lára wọn, àwọn tí wọ́n rà wá láti òkè, tí wọ́n gbé ìrun wọn dání wá. Mo sọ ọ́ ní àsàlátù lọ́jọ́ kan. Àwọn kan ní mo ń tàbùkù ẹ̀sìn. Mo ní ṣé Bìlálì tó kọ́kọ́ pe ìrun kì í ṣe ẹrú rí ni? Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn tí a túká, ìyàwó ilé kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Àlàájà, ẹ tún un sọ lọ́jọ́ míì, kí ọkọ mi wà níbẹ̀."

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Èmi ò ní pẹ́. Wọ́n kó wa lọ sí Àgbádárìgì, ilé Ṣẹ́ríkí Abass, wọ́n fi yàrá tóóró tí wọ́n ń há èèyàn mọ́ hàn wá. Ẹni tó ń mú wa kiri sọ ọ́ gbangba pé Ṣẹ́ríkí fúnra rẹ̀, wọ́n tà á rí ní kékeré, ó wá dàgbà, òun náà di ẹni tó ń ta èèyàn. Ojú ẹ̀ ò pọ́n, ohùn ẹ̀ ò yí padà. Gbogbo wa sunkún. Nígbà tá à ń bọ̀, mo béèrè nínú bọ́ọ̀sì pé àwọn tó gba Ejìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ kọjá ńkọ́, ta ló kó wọn débẹ̀? Wọ́n tan orin.

Ẹni Tí Ọ̀nà Jìn Sí

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àárọ̀. Mo ti kọ èyí lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń pa á rẹ́.

Ìdílé tí wọ́n ń nawọ́ sí, irú wọn ni wá. Ìyá bàbá bàbá mi, wọ́n rà á wá sí agbo ilé yìí lọ́mọdé. Fọ́tò kan ṣoṣo ló ní, ó ti gbó, etí kan ti ya. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, àbàjà tò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àbàjà, ilà ojú tí wọ́n mọ̀ jù mọ́ àwọn ará òkè! Nínú agbo ilé wa, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé wọn ò bí i síbí. Síbẹ̀, nígbà tí olùkọ́ kan láti yunifásítì wá kọ ìtàn agbo ilé wa, àwọn àgbà ní àlejò tó wá kí wa ni. Èmi ni mo gbé omi wá fún olùkọ́ náà. Mo dúró síbẹ̀, mo gbé àwo dání, mo gbọ́ ọ.

Ìwé náà jáde. Ó dáa, ó ní àwòrán, wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀, wọ́n jẹ ìkókoré. Ìyá bàbá bàbá mi kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́yàwó, tí wọ́n wá ṣèwádìí, ẹnu àwọn àgbà yẹn kan náà ni wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ ẹrú ni mí. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí Afinimọ̀nà ń sọ. Ìgbéyàwó náà ò bọ́ sí i. Mo ti fẹ́ ẹlòmíì, a ti bímọ, mi ò sunkún mọ́. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, àfi nígbà tí mo di baba ọmọ ni mo tó mọ̀ pé ara wọn ni wọ́n fi ń pa á.

Mi ò fẹ́ kí wọ́n tì í mọ́ ìtìjú, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi ṣe ohun ìwòran. Ibi tí ó ti wá ni mo fẹ́ mọ̀. Àbàjà mélòó ló wà níbẹ̀, irú èwo? Ẹnì kan lè mọ̀ ọ́n.

Tísà Rẹ́mọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo rántí ọmọ tó ń ha tábìlì yẹn bí mo ṣe ń ka tiyín.

Ìyá Oníkókò

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó ni ọ̀rọ̀ wà níbí.

Afinimọ̀nà Òde

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kò pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin. Mo mọ bàbá kan ní Ìbàdàn tó mọ ilà ojú kà bí ẹni ń ka ìwé. Ó lè máà rí ìlú gan-an, ṣùgbọ́n yóò mọ ìhà tó jẹ́. Bí ẹ bá gbà, ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni máa gé fi hàn án, mi ò ní sọ agbo ilé.

Ẹni Tí Ọ̀nà Jìn Sí

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni fọ́tò wà, ní Ìkòròdú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi í.