Àbúrò mi ti parí parole: ṣé ó lè dìbò?

Bùsọ́lá (Houston): Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin, citizen ni, ó ṣẹ̀wọ̀n felony (ẹ̀ṣẹ̀ ńlá), ó sì ti parí parole, ìyẹn àkókò tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tó pé. Wọ́n ní kò lè dìbò mọ́ láyé. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n Adé (Dallas): Irọ́ ni, Bùsọ́lá. Ní Texas, tó bá ti parí ẹ̀wọ̀n, parole àti probation (ìjìyà abẹ́ ìṣọ́ dípò ẹ̀wọ̀n), ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti padà nìyẹn, kò ní bẹ gómìnà. Àmọ́ wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀, òun ló máa tún un fi sílẹ̀. Kó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí county rẹ̀, ó pẹ́ tán 30 ọjọ́ kí ìbò tó dé. Kó fara balẹ̀ ka ibi tí wọ́n ti dárúkọ felony: ẹni tó ti parí ìjìyà rẹ̀ lè fọwọ́ sí i. Kó sì tọ́jú ìwé tó fi hàn pé parole ti tán. Ẹ rántí Crystal Mason, obìnrin Texas kan: abẹ́ ìṣọ́ ìjọba àpapọ̀ ló ṣì wà tó fi dìbò ní 2016, wọn ò tiẹ̀ ka ìbò ọ̀hún, síbẹ̀ wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 5 fún un. March 2024 ni kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó ní kò jẹ̀bi.

Ìyá Tòbi (Orlando): Tiyín rọrùn o! Ní Florida, ará ìlú dìbò fún Amendment 4, àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ wọn, ní 2018, ẹ̀tọ́ padà fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àfi ẹni tó pànìyàn àti ẹlẹ́ṣẹ̀ ìbálòpọ̀. Nígbà tó di 2019, àwọn aṣòfin ní kéèyàn kọ́kọ́ san gbogbo owó tó wà nínú ìdájọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni wàhálà wà, torí kì í rọrùn láti mọ iye tó kù. Ọ̀dọ̀ clerk kóòtù tó dájọ́ ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ gba ìwé ìdájọ́. Bápá ò bá ká a, adájọ́ lè sọ owó di iṣẹ́ ìlú.

Káyọ̀dé (Àkúrẹ́): Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ará ilé dá sí i. Láti 2014 ni kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin ti ní ẹlẹ́wọ̀n lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Mi ò tíì gbọ́ pé àpótí ìbò wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Olókùúta níbí. Ẹ̀yin náà ò sì lè dìbò láti òkè òkun, ẹgbẹ́ kan náà ni yín 😂

Ẹ̀gbọ́n Adé: Káyọ̀dé, o ò ní pa mí! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní green card, tẹ́ ò tíì di citizen, tẹ́ ẹ bá lọ gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀, tí wọ́n bi yín bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò, ẹ ní rárá. Wọ́n lè tìtorí ẹ̀ dá èèyàn padà sílé.

Bùsọ́lá: Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ńkọ́, deferred adjudication ni wọ́n fún un, ìyẹn ni pé adájọ́ ò tíì dá a lẹ́bi, ó kàn fi í sábẹ́ ìṣọ́?

Ẹ̀gbọ́n Adé: Ìyẹn kì í ṣe ìdálẹ́bi ní Texas. Kó lọ dìbò rẹ̀.