Tẹ́tẹ́ ìjọba, tẹ́tẹ́ àjọ, àbí tẹ́tẹ́ àdápín? Èsì lórí òfin eré ẹṣin níbi ìpàtẹ California

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ o.

Láti ìgbà tí arákùnrin wa tó ń túmọ̀ òfin California lórí eré ẹṣin níbi ìpàtẹ àgbẹ̀ ti béèrè ohun tí ká máa pe oríṣi tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń ta níbẹ̀ ("pari-mutuel" ni òfin pè é: owó gbogbo èèyàn á wọ àpò kan, àwọn tó bá wọlé á pín in), orúkọ mẹ́ta ló ti délẹ̀: tẹ́tẹ́ ìjọba, tẹ́tẹ́ àjọ, àti parimútúẹ́ẹ̀lì tí ẹnì kan ní ká kúkú yá lódindi. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n wa tó mú tẹ́tẹ́ àjọ wá, ẹ forí jì mí, mo mọ̀ pé ẹ ti ronú sí i kẹ́ ẹ tó kọ ọ́.

Ní 1933, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn ará California dìbò pé kí tẹ́tẹ́ orí ẹṣin bá òfin mu, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa mójú tó o, ìyẹn California Horse Racing Board. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta á ní ìpàtẹ Los Angeles County ní Pomona. Ẹ má rò pé ìfẹ́ tẹ́tẹ́ ló ń ṣe àwọn aṣòfin o. Owó ni wọ́n ń wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, apá kan nínú owó náà ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà àwọn ìpàtẹ káàkiri ìpínlẹ̀ náà, títí kan àwọn tí ẹṣin kankan kì í ti í sáré.

Bí tẹ́tẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yẹ ká fi sọ ọ́ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Gbogbo owó tí àwọn èèyàn dá lé ẹṣin tí wọ́n rò pé yóò gba ipò kìíní, àpò kan ṣoṣo ló ń lọ. Ká ní ó jẹ́ 10,000 dọ́là. Òfin á kọ́kọ́ yọ ti ara rẹ̀. Iye náà yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, ká fi í sí 17 nínú ọgọ́rùn-ún. 1,700 dọ́là ti lọ nìyẹn. Inú rẹ̀ ni ẹ̀bùn àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń jáde, inú rẹ̀ náà ni ìpín àwọn tó ni pápá àti ti ìjọba wà. Ó ku 8,300. Tó bá jẹ́ pé 2,400 ni àwọn èèyàn dá lé ẹṣin tó wọlé, dọ́là kọ̀ọ̀kan yẹ kó gba dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 45 lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ní kí wọ́n gé e sísàlẹ̀ dé orí sẹ́ǹtì mẹ́wàá-mẹ́wàá, nítorí náà 3.40 ni wọ́n máa san. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì dọ́là méjì á gba 6.80. Gbogbo ohun tí wọ́n san jẹ́ 8,160. Ẹ fi 140 dọ́là tó ṣẹ́ kù nínú 8,300 sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Nínú gbogbo ìṣirò yìí, ibo ni ìjọba ti ta tẹ́tẹ́? Kò dá kọ́bọ̀ lé ẹṣin kankan. Ẹṣin yòówù kó wọlé, 1,700 yẹn ni 1,700. Àwọn tó dá owó ló ń jẹ owó ara wọn. Tẹ́ ẹ bá kọ "tẹ́tẹ́ ìjọba" síbẹ̀, bí a ṣe ń gbọ́ ilé-ìwé ìjọba àti ọsibítù ìjọba ni wọ́n máa gbọ́ ọ, pé ìjọba ló ni ín, ìjọba ló ń dárí ẹ̀. Òfin náà ò sọ bẹ́ẹ̀ rárá.

Tẹ́tẹ́ àjọ dùn létí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ àjọ náà ni à ń pe ilé iṣẹ́ tó ń ṣòfin fún eré ọ̀hún, bí a ṣe ń pe àwọn elétò ìdìbò ní àjọ. Nínú ìwé òfin tí "àjọ" ń jáde nínú rẹ̀ ní ìlà kejì-kejì, ta ni yóò mọ̀ pé tẹ́tẹ́ àjọ kì í ṣe tẹ́tẹ́ tí àjọ yẹn ń ta? Ti àjọ dídá tún wá burú jùyẹn lọ. Iye tí mo bá dá nínú àjọ ni mo máa kó. Bí olórí àjọ bá na owó mi, ọ̀rọ̀ dọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Níbi tẹ́tẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dá owó ni yóò lọ sílé lọ́wọ́ òfo, kò sì sẹ́ni tó jà wọ́n lólè. Ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ ohun tí àwọn ìyá wa fọkàn tán bo tẹ́tẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹnì kan lè ní kí ló dé tí a ò lo púùlù. Púùlù ti di ti bọ́ọ̀lù pátápátá lẹ́nu wa. Àwọn bàbá tó ń fi bírò ṣa "draw" lọ́jọ́ Sátidé ti gbà á tán.

Parimútúẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Faransé ni. Joseph Oller ló gbé irú tẹ́tẹ́ náà kalẹ̀ ní Paris ní àwọn ọdún 1860, òfin ilẹ̀ Faransé sì fọwọ́ sí i ní 1891. Lédè wọn, "pari" ni owó tí èèyàn dá lé nǹkan. Lẹ́nu tiwa, ó ti parí. Ó kàn máa dà bíi tẹ́tẹ́ tí wọ́n ti ta tán ni.

Ohun tí mo gbé síwájú yín ni tẹ́tẹ́ àdápín: a dá owó, a pín in. Mo ti gbọ́ àtakò kan tẹ́lẹ̀, pé "pín" máa jẹ́ kó dà bíi pé ó kárí. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? À ń pín ogún. Ẹni tí wọ́n pín ogún bàbá rẹ̀ ní ìdí-igi nígbà tó ń retí orí-ò-jorí mọ̀ dájú pé pípín kì í ṣe dọ́gba-dọ́gba.

Mo tún rí "eré ẹṣin alààyè" fún "live horse racing" nínú iṣẹ́ ìtúmọ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́! Ṣé òkú ẹṣin ló ń sáré níbòmíràn ni? "Ní tààrà" tí ẹlòmíràn fi rọ́pò rẹ̀ sàn díẹ̀, àfi pé àwọn oníròyìn ti lò ó fún ohun tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, eré tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n láti pápá tó jìnnà sì ni òfin náà ń ya eré yìí sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn lówó nínú. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, pápá tí kò bá sá eré tirẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba tẹ́tẹ́ lórí eré ibòmíràn. Eré ẹṣin orí pápá ni kẹ́ ẹ kọ. Àwọn àgbà Èkó tó mọ Race Course kó tó di Tafawa Balewa Square kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó fẹ́ ká sọ ìpàtẹ di àjọ̀dún, tó ń fi Ojúde Ọba ṣe àpẹẹrẹ, Ìjẹ̀bú-Òde ni kó ti lọ gba ìdáhùn. Àwọn ẹṣin ibẹ̀ ń jó, wọ́n ń yan, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún Awùjalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í dá owó lé wọn. Ìpàtẹ àgbẹ̀ tó mi. Màlúù wà níbẹ̀, ewúrẹ́ wà níbẹ̀, kódà ìbaaka ti sá ìje rí ní àwọn ìpàtẹ California. Ìbaaka yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà lásán: òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 2020 lórí eré ẹṣin, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ààbò pápá ní July 2022, àwọn ẹṣin tí ẹ̀yà wọn ń jẹ́ Thoroughbred nìkan ló kàn. Ìbaaka àti ẹ̀yà ẹṣin mìíràn tó ń jẹ́ Quarter Horse ṣì wà lábẹ́ àjọ ìpínlẹ̀. Tí a bá wá kọ "òfin eré ẹṣin" láìfi àlàyé kún un, a ti fi ìbaaka sílẹ̀ níta.

Ọ̀rọ̀ "ìpínlẹ̀" náà, ẹ má ṣe fi "ìjọba" lásán rọ́pò rẹ̀. Agbára ìpínlẹ̀ ni gbogbo ìwé yẹn dá lé, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò sì ṣàjèjì sí wa. Ní November 22, 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà wọ́gi lé òfin lọ́tìrì ti 2005, ó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kì í ṣe Abuja.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni "àwọn ìríjú mẹ́ta" tí òǹtumọ̀ wa fi túmọ̀ "three stewards". Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ìríjú inú Bíbélì ni ẹni tí olówó fi ohun ìní rẹ̀ sí ìkáwọ́; àwọn mẹ́ta tí òfin yìí ń sọ kò tọ́jú nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Òkè ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń wo eré, wọ́n ń tún fíìmù rẹ̀ wò, bí ẹṣin kan bá sì dí òmíràn lọ́nà, wọ́n lè já a wálẹ̀ kúrò ní ipò tó gbà. Kentucky Derby, eré ẹṣin ńlá kan ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe eré ìpàtẹ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n sá ní 2019 fi agbára wọn hàn: Maximum Security ló kọ́kọ́ dé, àwọn tó mú un ti ń fò sókè, nígbà tó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 22, wọ́n ní Country House ló gbà á. Tíkẹ́ẹ̀tì dọ́là méjì lórí rẹ̀ san 132.40. Adájọ́ eré ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Tí rẹfirí bá tẹ́ ẹlòmíràn lọ́rùn, mi ò ní bá a jà.

Ó wá ku 140 dọ́là wa. Òfin náà ní orúkọ fún un, "breakage", òǹtumọ̀ wa sì kọ "owó fífọ́", èyí tí kò yé mi. Kọ̀ńdọ́ tó gba owó rẹ tó ní kò sí ṣéńjì, tí ọkọ̀ sì gbéra, ohun tó ṣe gan-an nìyẹn, àyàfi pé òfin fọwọ́ sí ti ibí yìí. Ìpínlẹ̀ Kentucky ti yí tirẹ̀ padà ní 2022: orí sẹ́ǹtì kan ni wọ́n ń gé e dé báyìí. Lórí ìṣirò wa yẹn, 6.90 ni tíkẹ́ẹ̀tì dọ́là méjì máa san níbẹ̀ dípò 6.80. "Ṣéńjì àìdápadà" ni mo fi sí i. Ẹni tó bá ní èyí tó gún régé jù ú lọ kó gbé e wá kí òǹtumọ̀ wa tó fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́.