Kí ni “E2” tí wọ́n kọ sínú ìwé Màmá wa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ òróòro?

Ìbéèrè, láti Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Wọ́n yọ àpò òróòro Màmá wa nítorí òkúta inú rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n délé ni ẹyinjú wọn di àwọ̀ ìyeyè, tí ìtọ̀ wọn ṣú, tí ara sì ń yún wọn tọ̀sán-tòru. Dókítà kọ “Strasberg E2” sínú ìwé, ó ní kí a lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́ tún un ṣe kíákíá, nítorí owó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni èyí túmọ̀ sí?

Èsì, dókítà oníṣẹ́ abẹ, Ọ̀yọ́:
Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ibi tí ọgbẹ́ wà lára ọ̀nà òróòro, ọ̀nà tí òróòro ń gbà láti ẹ̀dọ̀ lọ sínú ìfun, ni àkọsílẹ̀ yẹn ń tọ́ka sí; nígbà iṣẹ́ abẹ ni irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń wáyé. Ní 1982, Bismuth, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Faransé, pín ìpalára yìí sí márùn-ún, ó ń wo bí ọ̀nà òróòro tó ṣẹ́kù lábẹ́ ẹ̀dọ̀ ṣe gùn tó. Ní 1995, Strasberg, oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi A dé D ṣáájú, wọ́n sì sọ ti Bismuth di E1 dé E5. Ti A, òróòro kàn ń jò láti ẹ̀ka kékeré ni, rọ́bà tí a tì gba ẹnu wọlé sì sábà máa ń wò ó san. Ní E, ọ̀nà ńlá gan-an ló gé tàbí tó dí. Bí ohun tó ṣẹ́kù bá ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, E1 ni. Ti Màmá, ìyẹn E2, kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oríta tí ẹ̀ka ọ̀tún àti ti òsì ti pàdé ṣì wà, èyí tó ti tú ká ní E4.

Láti tún un ṣe, ìfun la máa ń fà sókè, tí a ó rán mọ́ ọ̀nà tó kù. Mo bẹ̀ yín, kí ẹni tí kì í ṣe irú rẹ̀ déédéé má dáwọ́ lé e, torí pé bí àtúnṣe àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, ọ̀nà náà á tún kúrú sí i.

Èsì, nọ́ọ̀sì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Òótọ́ ni Dókítà sọ. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ya àwòrán MRCP, tó ń fi gbogbo ẹ̀ka ọ̀nà òróòro hàn. Ẹ tún béèrè nípa iṣan ẹ̀jẹ̀ apá ọ̀tún ẹ̀dọ̀, nítorí lẹ́tà Strasberg kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ẹ mú ìwé iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ dání. Bí ibà tàbí òtútù bá ń gbọ̀n wọ́n, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ gbé wọn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka èsì yín fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì ti gbà. A kò tíì ya MRCP. Òun la ó kọ́kọ́ béèrè láàárọ̀ ọ̀la.