Ipò wo ni kí n fún akọ̀wé ẹgbẹ́ lórí WordPress?

Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mò ń bójú tó sáìtì ẹgbẹ́ regbéregbé wa n'Ìjẹ̀bú-Òde, WordPress la fi ṣe é. Akọ̀wé wa fẹ́ máa gbé ìròyìn àti fọ́tò Ojúde Ọba síbẹ̀ fúnra wọn, ṣùgbọ́n tí mo bá fi wọ́n sí ipò Contributor (ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ kí ẹlòmíì tó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì gbé e jáde) wọn ò ní lè gbé fọ́tò sókè, tí mo bá tún sọ wọ́n di Author, gbogbo nǹkan tí wọ́n bá kọ á kàn jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò, Gíwá wa, ìyẹn olórí ẹgbẹ́, ò sì fẹ́ yẹn rárá, ẹ ṣáà mọ àwọn àgbà. Administrator tó ní àṣẹ lórí gbogbo sáìtì kẹ̀? Ká má rí i! Ṣé plugin (àfikún tí wọ́n ń so mọ́ WordPress) kan wà tó lè jẹ́ kí Contributor gbé fọ́tò, àbí ẹ̀yin ń gbé e gba ibòmíì? Ọ̀fẹ́ ni kó jẹ́ o, àpò ẹgbẹ́ ò wú.