Sípíríǹgì ẹ̀yìn gìtá mi dẹ̀, ó ń dún, ó sì ń yọ. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Onígìtá (ìbéèrè):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ ìmọ̀ràn lórí gìtá oníná kan tí mo ra ní àlòkù. Irú Stratocaster ni, ó ní ọwọ́ tírẹ́mólò, ìyẹn ọwọ́ irin tí a fi ń mú ohùn gòkè tàbí wálẹ̀, sípíríǹgì márùn-ún ló sì wà nínú ihò ẹ̀yìn rẹ̀. Okùn 9 sí 42 ló wà lórí rẹ̀ (ìyẹn bí okùn ṣe nípọn tó ní ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì, láti èyí tó fẹ́lẹ́ jù dé èyí tó nípọn jù).

Ohun tó ń dààmú mi rèé. Bí mo bá ta okùn, tí mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn tín-ín-rín kan ṣì máa ń ró lọ láti ẹ̀yìn. Bí mo bá fa ọwọ́ tírẹ́mólò sókè, sípíríǹgì àárín á yọ kúrò lára claw, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ́ sí, á wá máa ta gbá-gbá lábẹ́ ìdérí. Mo fi ìka kàn wọ́n, gbogbo wọn ló rọ̀. Ẹ̀yìn bíríìjì, ìyẹn irin tí okùn dúró lé, ga kúrò lára igi ní bíi mìlímítà 3, bí mo sì ṣe fẹ́ kó wà nìyẹn, torí mo fẹ́ kí ohùn máa lè gòkè kó sì máa lè wálẹ̀. Súkúrù méjì tó di claw mú ti yọ síta gan-an. Bí mo ṣe bá a nìyẹn.

Ẹnìkan ní kí n lọ ra sípíríǹgì tuntun. Ṣé wọ́n ti gbó lóòótọ́ ni?

Atagìtá Alẹ́:
Ẹ má tíì náwó. Ẹ yí súkúrù claw méjèèjì wọlé dáadáa, sípíríǹgì á le.

Ọmọ Onígìtá:
Ẹ ṣé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n le lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo okùn ló gòkè kọjá ohùn wọn. Nígbà tí mo fi máa tò wọ́n padà tán, bíríìjì ti lẹ̀ mọ́ igi pátápátá, kò ṣe é fà sókè mọ́. Mo ti dá súkúrù padà síbi tí wọ́n wà.

Ẹ̀gbọ́n Alátùn-ún-ṣe:
Àbúrò mi, sípíríǹgì rẹ kò gbó. Wọ́n pọ̀ jù ni.

Wò ó báyìí. Nínú gìtá tí bíríìjì rẹ̀ léfòó, okùn ń fà á síwájú, sípíríǹgì ń fà á sẹ́yìn. Ibi tí agbára méjèèjì bá ti dọ́gba ni yóò dúró sí. Okùn 9 sí 42 tó wà ní ohùn rẹ̀ máa ń fà tó bíi kìlógíráàmù 38 lápapọ̀. Ti 10 sí 46 máa ń tó bíi kìlógíráàmù 46. Agbára okùn yìí ló ń pinnu iṣẹ́ tí sípíríǹgì máa ṣe, wọn á sì pín in láàárín ara wọn. Ẹrù tí ẹni mẹ́ta tó gbé, tí ẹni márùn-ún bá wá jọ gbé e, èjìká ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyẹn tí tìrẹ fi rọ̀. Ẹni tó lò ó ṣáájú rẹ fẹ́ kí bíríìjì léfòó, ó sì fi sípíríǹgì márùn-ún sílẹ̀ fún okùn tó fẹ́lẹ́, nítorí náà àfi kó máa tú súkúrù claw síta títí sípíríǹgì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má nà mọ́. Bí o bá wá fa ọwọ́ sókè, block irin tó wà lábẹ́ bíríìjì, tí sípíríǹgì kọ́ mọ́, á sún mọ́ claw, ìwọ̀nba nínà tó kù á tán, sípíríǹgì á yọ.

Ìdí kan náà ló jẹ́ kí yíyí claw má yanjú rẹ̀. Bí o bá yí i wọlé, tí o tò okùn padà sí ohùn rẹ̀, agbára okùn kò pọ̀ sí i, nítorí náà sípíríǹgì kò ní nà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bíríìjì ló máa tẹ̀ lé claw lọ. Ìgbà tó bá lẹ̀ mọ́ igi tán ni sípíríǹgì tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í le, ohun tí o sì rí gan-an nìyẹn. Stratocaster tí Fender gbé jáde ní 1954 ní àyè sípíríǹgì márùn-ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n okùn tí àwọn onígìtá ń lò nígbà náà nípọn ju 9 lọ dáadáa.

Báyìí ni kí o ṣe é. Tú okùn títí wọn yóò fi rọ̀, má ṣe gé wọn. Fi awò dáàbò bo ojú, torí sípíríǹgì tó bá bọ́ lẹ́nu píláyà lè ta sí ẹ̀yinjú. Fi píláyà di sípíríǹgì èkejì mú níbi tó ti kọ́ claw, yọ ọ́, kí o yọ ìkẹrin náà. Kí ìkínní, ìkẹta àti ìkarùn-ún ṣẹ́kù. Tò okùn padà. Bíríìjì á gbéra ju bó ṣe yẹ lọ, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù. Dẹ okùn díẹ̀, yí súkúrù méjèèjì wọlé bákan náà, tò okùn, wo àlàfo ẹ̀yìn bíríìjì, kí o tún un ṣe. Mìlímítà 3.2 ni Fender fúnra wọn máa ń dámọ̀ràn. Bí o bá ti gbé ohùn okùn kan sókè, àwọn yòókù á wálẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ìwọ àti túúnà á jọ jókòó pẹ́. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ okùn tó nípọn wọlé díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Kò burú, kò sì pọn dandan.

Ìyá Olókùn Mẹ́fà:
Ẹ̀gbọ́n, mo gba àlàyé yín, ṣùgbọ́n èmi ò lè kúrò lórí márùn-ún. Mo fẹ́ kí bíríìjì lẹ̀ mọ́ igi. Bí okùn kan bá já láàárín orin, àwọn márùn-ún tó kù á dúró ní ohùn wọn, èmi á sì parí orin mi. Eric Clapton, onígìtá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà fi sípíríǹgì márùn-ún àti pákó há tirẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má mira.

Ẹ̀gbọ́n Alátùn-ún-ṣe:
Òótọ́ lẹ sọ, mà. Fún ẹni tí kì í fa ọwọ́ sókè, tiyín ló dára jù. Àbúrò wa ti ní òun fẹ́ kí ohùn máa gòkè, ibẹ̀ nìkan ni ọ̀nà wa ti yà.

Káfíńtà Olórin:
Ẹ jẹ́ kí n fi kún un nípa ohùn tó ń ró yẹn, torí ó lè má lọ tán lẹ́yìn tí ẹ bá yọ méjì. Sípíríǹgì tó nà dáadáa pàápàá máa ń gbọ̀n pẹ̀lú okùn. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń wá: ẹ ta okùn, ẹ pa á, kí ẹ wá fi ìka kan sípíríǹgì. Bí ohùn bá dákẹ́, sípíríǹgì ni. Bí kò bá dákẹ́, ẹ fi ìka kan okùn láàárín nut (ìyẹn ègé kékeré tó ní ihò fún okùn, ní òkè ọrùn gìtá) àti àwọn èèkàn tí a fi ń tò okùn ní orí gìtá, ibẹ̀ náà máa ń ró. Fún ti sípíríǹgì, ẹ gé fóómù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sí abẹ́ wọn kó kàn wọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Kó má há wọn mọ́ra o, wọ́n gbọ́dọ̀ lè nà kí wọ́n sì padà.

Bí sípíríǹgì bá ti jáde, ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Èyí tó bá gùn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ti nà kọjá agbára rẹ̀, òun ni kí ẹ yọ sọ́tọ̀.

Ẹ wo súkúrù claw pẹ̀lú. Bí ó bá ń yí lásán tí kò mú igi, ihò ti gbòòrò nìyẹn. Igi ìtayín àti glúù igi ni ẹ fi máa dí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dá súkúrù padà, torí gbogbo agbára sípíríǹgì orí súkúrù méjì yẹn ló wà. Ẹ ṣọ́ wáyà tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ claw. Bí ó bá já, gìtá á máa kùn nínú áńpílífáyà, fífi ọwọ́ kan okùn kò sì ní dín in kù.

Ọmọ Onígìtá:
Inú mi dùn gan-an! Mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n le, kò sí èyí tó ń yọ bí mo bá fa ọwọ́ sókè, bíríìjì sì léfòó bí mo ṣe fẹ́. Fóómù ti pa ìró yẹn. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀kan ló kù: bí mo bá tẹ ọwọ́ wálẹ̀ tí mo jọ̀wọ́ rẹ̀, okùn kẹta nìkan máa ń padà ga ju ohùn rẹ̀ lọ díẹ̀.

Ìyá Olókùn Mẹ́fà:
Torí pé òun nìkan ni, ẹ má fọwọ́ kan sípíríǹgì mọ́. Bí gbogbo okùn bá jọ ń ṣe é, a ò bá wo ìdí bíríìjì. Nut ló ń di tiyín mú. Bí ẹ bá tẹ ọwọ́ wálẹ̀, okùn á yọ̀ díẹ̀ sí apá orí gìtá, tó bá wá fẹ́ padà, ojú ihò nut á fún un pa. Ẹ gbé okùn kúrò nínú ihò yẹn, ẹ fi ẹnu pẹ́ńsù dúdú kùn ún nínú dáadáa, ẹ dá okùn padà. Bí ó bá ṣì ń ga lẹ́yìn èyí, ihò náà ti fún jù, ẹ gbé e fún ẹni tó ní fáìlì nut.

Ẹ̀gbọ́n Alátùn-ún-ṣe:
Bẹ́ẹ̀ ni. Bí o bá ṣe ìyẹn tán, wọn gíga okùn lórí fret 12, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kejìlá tó dábùú ọrùn gìtá, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohùn ibẹ̀ bá ti okùn tí a kò tẹ̀ mu, torí bíríìjì ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Tọ́jú sípíríǹgì méjì tó ṣẹ́kù sínú àpò gìtá. Bí o bá lọ sí okùn 11, wàá nílò ọ̀kan nínú wọn.