Àwọn èèyàn wa Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, ń gòkè dé Àbújá, kí ló dé tí ilé ìjọba Lọ́kọ́ja ò ṣí fún wọn?

ỌmọGbẹ̀dẹ̀:
Ọ̀kún o gbogbo ilé. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ mọ ìtàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Ọwọ́ Ígálà ni gómìnà alágbádá wà látìbẹ̀rẹ̀, Audu, Ibrahim Idris, Wada, nígbà tó di 2016 ó bọ́ sọ́wọ́ Ẹ̀bìrà, Yahaya Bello ṣe tiẹ̀ tán, Ododo tí òun náà jẹ́ Ẹ̀bìrà gbà á. Àwa Okun ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá wo Àbújá, àwọn tiwa ò kẹ̀rẹ̀ ńbẹ̀, Jemibewon ṣe mínísítà, Bayo Ojo ṣe mínísítà ìdájọ́, Dino Melaye tó ṣe sẹ́nétọ̀, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n ní Nàìjíríà, ọmọ kékeré gan-an mọ̀ ọ́n. Ṣé ọ̀nà Àbújá ló wá rọrùn ju Lọ́kọ́ja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí lọ ni? Ẹ má bú mi o, mi ò ṣe pátì kankan.

BàbáMọ̀pà:
Àbúrò, o ṣeun. Mo ti fẹ̀yìntì, àyè ọ̀rọ̀ wà fún mi dáadáa. Àkàbà táwọn èèyàn wa fi gòkè, ara ògiri ẹlòmíì ni wọ́n gbé e tì. Wo Sunday Awóníyì, Àrò Mọ̀pà. Kàbbà Prófíìnsì wà lábẹ́ Nọ́tàn Ríjọ̀n nígbà yẹn, Kàdúná la ń wò kì í ṣe Ìbàdàn, nítorí náà bó ṣe parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì Ìbàdàn, iṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Àríwá ló gbà lọ, ó ṣiṣẹ́ sún mọ́ Sàdáúnà, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ orúkọ ẹ̀. Ó wà lára àwọn tó dá PDP sílẹ̀, ní 1999 ó dupò alága pátì fún gbogbo Nàìjíríà, Gemade ará Benue ló gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, nígbà tó yá wọ́n tún lé e kúrò nínú pátì tóun náà bá wọn dá sílẹ̀. Ẹlòmíì á lọ jókòó sílé. Òun ńkọ́, ó di olórí Arewa Consultative Forum! Yorùbá, onígbàgbọ́, ọmọ Mọ̀pà, òun ló ń gbẹnu sọ fún gbogbo Àríwá, ìdí ẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní November 2007. Ìbò mélòó ló wá lọ tọrọ ní Ìdàh ilẹ̀ Ígálà tàbí Òkènè ilẹ̀ Ẹ̀bìrà kó tó débẹ̀? Kò sí.

Jemibewon tó o dárúkọ, ọmọ Gbẹ̀dẹ̀ tìẹ lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ológun ni tiẹ̀. 1975 ni wọ́n gbé e lọ ṣe gómìnà Western State, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì, abẹ́ ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà kí wọ́n tó pín in ní 1976, tó wá ku Ọ̀yọ́ sí i lọ́wọ́. Ọ̀gágun Tunde Ogbeha tó ṣe sẹ́nétọ̀ wa láti 1999 sí 2007, Akwa Ibom àti Bendel lòun ti ṣe gómìnà. Ilé onílé la ti ń jọba.

TíṣàÌṣirò:
Bàbá, ẹ ṣeun sà, ìtàn yẹn dùn. Ẹ jẹ́ n gbé nọ́ńbà kalẹ̀ báyìí. Lókà, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, 21 ló wà ní Kogi. Ìlà oòrùn tí Ígálà pọ̀ sí ní 9, àárín tí Ẹ̀bìrà pọ̀ sí ní 5, ìwọ̀ oòrùn tiwa ní 7. Nínú 7 yìí, Lọ́kọ́ja àti Koton-Karfe wà ńbẹ̀, àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ wa ní Lọ́kọ́ja ò dá nìkan wà, torí náà lókà tó jẹ́ ti Okun pọ́ńbélé ò ju 5 lọ: Kàbbà-Bùnú, Ìjùmú, Mọ̀pà-Múrò àti Yàgbà méjèèjì. Òfin wá sọ pé ẹni tó máa di gómìnà, yàtọ̀ sí pé ìbò ẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, ó tún gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo lókà. 14 nìyẹn. Ìlà oòrùn àti àárín tí wọ́n bá para pọ̀, 14 géérégé, wọn ò nílò wa. Àwa àti àárín ńkọ́? 12. Àá ṣì tún lọ bẹ Ígálà.

Ẹ wá wo Àbújá. Sẹ́nétọ̀, lókà 7 ti ìwọ̀ oòrùn nìkan ló máa dìbò fún ẹ. Rẹ́ẹ̀pù, ìyẹn ilé aṣojú-ṣòfin, lókà méjì tàbí mẹ́ta. Mínísítà kò tiẹ̀ nílò ìbò aráàlú kankan, òfin ní kí Ààrẹ mú ó kéré tán ẹnì kan láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó o bá ti mọ Ààrẹ tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó parí. Ohun tó fà á nìyẹn, kì í ṣe èpè.

AyétòròÒdodo:
Tíṣà, nọ́ńbà yín dáa àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọjá nọ́ńbà. Ẹ wo Dino tí wọ́n ń bú yìí, 2007 ló wọ Rẹ́ẹ̀pù, 2015 ó na Smart Adeyemi ó di sẹ́nétọ̀, wọ́n ní àwọn máa pè é padà wálé, INEC wá ṣàyẹ̀wò àwọn tó fọwọ́ sí i ní April 2018, àwọn tí wọ́n rí pé òótọ́ ni ò tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, bẹ́ẹ̀ òfin ń béèrè ju ìdajì wọn lọ, ète náà fọ́ yángá. Wọ́n wá gba kóòtù, kóòtù fagi lé ìbò 2019, wọ́n tún un dì ní November ọdún yẹn Smart gbà á padà. Àwọn méjèèjì Ìjùmú kan náà o! Smart láti Ìyàrà, ààrẹ NUJ, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn, ló ti ṣe rí, àkàbà tí bàbá ń sọ náà nìyẹn. Àwa fúnra wa la ń fi ara wa ṣeré sókè sódò.

YàgbàGidi:
@AyétòròÒdodo o ò sọ ìyókù. 2023 Dino jáde fún gómìnà lábẹ́ PDP, ìbò 46,362 ló rí, Ododo rí 446,237, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá, ipò kẹta ló ṣe. Wọ́n jà níbẹ̀ mo mọ̀, wọ́n sọ pé èsì ìbò ò mọ́ mo gbọ́, síbẹ̀ ẹni tí fídíò ẹ̀ ń tàn ká gbogbo Nàìjíríà, ṣé ará Dẹ́kínà nílẹ̀ Ígálà fẹ́ dìbò fún un nítorí orin? Lọ́jọ́ kan náà Leke Abejide tiwa náà wà lórí pépà lábẹ́ ADC. Okun méjì. Ìjùmú ò fẹ́ gbà fún Yàgbà, Yàgbà ò fẹ́ gbà fún Ìjùmú, Kàbbà ní ọ̀dọ̀ àwọn ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

MàmáÌbejìỌ̀jọ́dù:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti gbàgbé Faleke. Ọmọ Èkìnrìn-Àdé ní Ìjùmú ni, ó ṣe alága lókà wa ní Ọ̀jọ́dù níbí kó tó lọ Rẹ́ẹ̀pù fún Ìkẹjà ní 2011, mo dìbò fún un. 2015 Audu mú un ṣe igbákejì, wọ́n ti wà níwájú, 240,867 sí 199,514 ti Wada, INEC ní ìbò ò tíì parí, ibẹ̀ ni Audu kú sí. Gbogbo wa rò pé Faleke ló kàn, pátì lọ gbé Bello tó ṣe ipò kejì ní pírámárì wá. Faleke kọ̀, ó ní òun ò ṣe igbákejì Bello, ó lọ sí kóòtù títí dé Súpríìmù, September 2016 wọ́n ní Bello ni. Ó padà sí Ìkẹjà, ó ṣì wà ńbẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, kí n má parọ́. Èyí tó sún mọ́ wa jù nìyẹn.

TíṣàÌṣirò:
Màmá, ẹ kú ìrántí. Àmọ́ ẹ wò ó, Audu tó jẹ́ Ígálà ló gbé ìbò ìlà oòrùn wá sínú ẹ̀. Nọ́ńbà ṣì ni.

BàbáMọ̀pà:
Kẹ́ ẹ tó máa sọ pé kò sí Okun tó jókòó síbẹ̀ rí: Clarence Olafemi ńkọ́? Sípíkà ni, 2008 tí kóòtù lé Ibrahim Idris, òun ló di gómìnà adelé títí wọ́n fi tún ìbò dì, kò ju bí oṣù méjì lọ. Ọmọ Awóníyì náà, Yomi, ṣe igbákejì fún Wada láti 2012.

ỌmọGbẹ̀dẹ̀:
Bàbá, oṣù méjì! Ẹ ṣé sà, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni pé ta ló máa lọ bá Yàgbà àti Ìjùmú sọ̀rọ̀ kí ẹnì kan ṣoṣo jáde ní 2027, nítorí èmi ò rí i.

YàgbàGidi:
Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà pé Yàgbà ló kàn, àá jókòó.

AyétòròÒdodo:
Ẹ ẹ̀ rí i bí?