Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: rélùwéè ń tètè dé jù fún ìwé mi

Ọmọ Alágbọ̀mejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé ìtàn ìfẹ́ ni mò ń kọ fún àwọn ọ̀dọ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ àti Àkànní ti fẹ́ra nígbà tí wọ́n wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti jáwọ́. Ọ̀rẹ́ wọn fẹ́ ṣègbéyàwó n'Íbàdàn. Kálukú ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tiẹ̀, àfi bí ìjókòó wọn ṣe fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́!

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé: láti ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson l'Ékòó dé Mọ́níyà n'Íbàdàn, kìlómítà 157 ni. Kò tó wákàtí mẹ́ta. Kí ẹni tó ti ń bínú láti ọdún méjì tó lanu, wọ́n ti kọjá Abẹ́òkúta. Ṣé kí n jẹ́ kí rélùwéè bàjẹ́ sínú igbó ni?

Àdìó Mọ́kọ́lá: Má dán an wò! Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí rélùwéè Àbújá sí Kàdúná ní 2022, ta ló máa rí rélùwéè tó dúró sínú igbó tó máa rántí ìfẹ́? Ajínigbé ni wọ́n máa máa wò fún títí ìwé á fi parí.

Ṣé o mọ̀ pé Mọ́níyà jìnnà sígboro? Tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀, wọ́n ṣì máa wọ Máíkírà, takisí kékeré Ìbàdàn. Inú rélùwéè, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, kálukú lè kọjú síbi tó wù ú kó máa ṣe bí ẹni tí ò rí ẹnì kejì. Nínú Máíkírà, ibo lèèyàn ti fẹ́ rí àyè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Èmi ò bá rélùwéè jà. O ò tíì sọ ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Bí kò bá nídìí, ò báà gbé wọn dé Kánò, wọn ò ní rí nǹkan sọ.

Ọ̀rọ̀ kejì: nínú èyí tó o fi hàn wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Àkànní sọ pé "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ" lójú ìwé kan ṣoṣo. Ọmọ ta nìyẹn? Jẹ́ kó yọ ìpanu kókóró nínú àpò, kó ṣẹ́ ẹ sí méjì, kó gbé èyí tó gùn síwájú ọmọbìnrin yẹn láìwo ojú rẹ̀.

Ọmọ Alágbọ̀mejì: Ẹ ṣé, mà. Àkànní ló wọ yunifásítì, máàkì JAMB ti Mọ́rẹ́nikẹ́ ò tó. Bó ṣe di pé Àkànní ò pè é mọ́ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀n-ẹ́n! Kí ló dé tí ò pè é? Ṣé ó gbàgbé ni, àbí ojú ń tì í láti ròyìn ilé-ìwé fún ẹni tí ò wọlé? Ibẹ̀ ni ìwé rẹ wà.

Bàbá Ọ̀fà: Láyé tiwa, rélùwéè tó ti ń dé Ìbàdàn láti 1901, tó wá ń gba Òṣogbo àti Ìlọrin lọ sí Kánò, èèyàn á sùn, á jí nínú rẹ̀. Ojú fèrèsé la ti ń ra oúnjẹ. Inú rẹ̀ ni mo ti rí ìyá àwọn ọmọ mi, àmọ́ ìyẹn kọ́ là ń sọ. Gbé ìtàn rẹ lọ sáyé ìgbà yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkókà: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, èmi gan-an lẹ̀ ń kọ ọ́ fún. Ta ló ń lanu? Jẹ́ kí Àkànní tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i lórí WhatsApp níbi tí wọ́n jókòó sí. Máàkì ẹyọ kan ló yọ, àtẹ̀jíṣẹ́ náà ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fóònù Mọ́rẹ́nikẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, dátà wà lórí, ó ń wo fídíò, síbẹ̀ máàkì ẹyọ kan. Ìgbà yẹn ló máa mọ̀ pé ó ti búlọ́ọ̀kì òun láti ọjọ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n padà síra wọn kí wọ́n tó dé Mọ́níyà. A ò ní gbà.

Ọmọ Alágbọ̀mejì: Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lè lọ sáyé yín mọ́, mo ti gba máàkì ẹyọ kan yìí. Kókóró náà wọlé. Àdìó, èèyàn mélòó ló ń wọ Máíkírà?

Àdìó Mọ́kọ́lá: Mẹ́ta lẹ́yìn, méjì níwájú lórí ìjókòó ẹyọ kan. Iwájú ni kó o fi wọ́n sí.